Ẹ jẹ́ kí á tún ààrò amọ̀ wa ṣe



Ààrò amọ̀ tó gba ìkòkò sínú kì í jẹ igi tó òkúta mẹ́ta, nítorí iná rẹ̀ kì í fọ́n ká. Àmọ́ tó bá ti sán, iná á máa gba ibẹ̀ jáde. Igi á máa jó lásán, èéfín á máa wọ ojú ìyá àti ọmọ tó pọ̀n. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan lèyí. Ta ni ń fún wọn lówó igi?

Ẹlòmíràn, tí tirẹ̀ bá sán, á wó o dànù. Kí ló dé? Ó ṣeé tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ààrò tutù, ẹ kó eérú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tó sán, kí èyí tó ti ń rún jábọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n omi sí i dáadáa. Amọ̀ àtijọ́ tó gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Tí ẹ kò bá rẹ ẹ́, á fa omi inú amọ̀ tuntun mu, tuntun á sì já bọ́.

Amọ̀ ògán dára púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣù díẹ̀ bí àkàrà, ẹ sá a. Tó bá sán, ẹ fi iyanrìn kún un. Tó bá ń rún lọ́wọ́, iyanrìn ti pọ̀ jù.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Tí iná bá ti ń jó o, á ṣí kúrò lára amọ̀. Ní Jámánì, níbi tí òtútù ti ń mú, wọ́n ní ààrò ńlá tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná, tí wọ́n fi àwo amọ̀ dídán bò lára. Tí wọ́n bá ń tún ti àtijọ́ ṣe, amọ̀ ni wọ́n fi ń so bíríkì inú rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe pé wọn kò lówó sìmẹ́ńtì o.

Ẹ tẹ amọ̀ náà wọ inú ibi tó sán. Kó tó gbẹ, ẹ gbé ìkòkò yín sójú ihò rẹ̀ wò, kó lè bá a mu. Ẹ má dáná lọ́jọ́ náà! Omi inú amọ̀ á hó, á sì fọ́ ọ. Ẹ fi ewé bò ó kó gbẹ díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi ti àtijọ́. Iná pòròpórò kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sí i.