Ọ̀nà Ọjà Kì Í Ṣe Ọjà: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Kọ́pì Líǹkì Fódà

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó gba ọ̀nà méjì dé ọjà Igbudu ní Warri níbí, ọjà kan ṣoṣo náà ló dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni líǹkì fódà rí nínú kọ̀ǹpútà: kì í ṣe fódà, fáìlì kékeré kan ni, àdírẹ́sì ibi tí fódà gan-an wà ló sì wà nínú rẹ̀. Láti 1983 tí 4.2BSD ti mú un wọ inú Unix ni ìbéèrè kan ti ń bá a rìn: bí a bá kọ́pì fódà tí irú líǹkì bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣé àdírẹ́sì ni ká kó ni, àbí ẹrù tó wà níbi tó tọ́ka sí? Èrò mi ni pé àdírẹ́sì ni, àfi bí oníṣẹ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹrù lòun fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú àwọn tó ń kọ́ nípa epo rọ̀bì ní Effurun níbí. Fódà iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2GB. Líǹkì kan nínú rẹ̀ tọ́ka sí 200GB àbájáde ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ lórí díìsìkì mìíràn. Bó bá lo àṣẹ ìkọ́pì cp -rL, tó ń tẹ̀lé gbogbo líǹkì, flash 32GB rẹ̀ á kún bámúbámú kí iṣẹ́ tó parí. Bí líǹkì bá tún tọ́ka padà sí fódà tí òun gan-an wà nínú rẹ̀, irinṣẹ́ tí kò fura á máa yí lójú kan náà. Èyí tó burú jù ni pé ohun tó jẹ́ ọ̀kan ti di méjì: a tún ọ̀kan ṣe, èkejì ò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí cp ti GNU fi ń fi líǹkì sílẹ̀ bó ṣe wà tí a bá lo -r. Ṣùgbọ́n ìlànà POSIX kò pa èyí láṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ, nítorí náà àṣẹ kan náà lè hùwà ọ̀tọ̀ níbòmíràn.

Ẹnìkan lè ní, “Àdírẹ́sì ilé tí mi ò lè dé, kí ni kí n fi ṣe?” Òótọ́ ni: líǹkì tó tọ́ka sí díìsìkì ọ́fíìsì kò wúlò nílé, flash tó sì jẹ́ exFAT kò lè gba líǹkì rárá. Ṣùgbọ́n kò torí bẹ́ẹ̀ yẹ ká kó gbogbo ayé sínú àpò. Lórí díìsìkì tó ń gba líǹkì, bí a bá fi --copy-unsafe-links kún àṣẹ rsync -a, tóun náà ń kọ́pì, líǹkì tó tọ́ka sínú ẹrù tí a ń kó, tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò sì fi / bẹ̀rẹ̀, á dúró bó ṣe wà. Èyí tó tọ́ka síta, tàbí tí àdírẹ́sì rẹ̀ fi / bẹ̀rẹ̀, ni a ó fi ẹrù rẹ̀ rọ́pò. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí irinṣẹ́ fo líǹkì, kó kàn fi ìlà ọ̀rọ̀ kan sójú kọ̀ǹpútà, kó máa lọ, bí rsync ti ń ṣe nígbà tí a kò bá fún un ní -l tàbí -a. Nínú ẹgbẹ̀rún ìlà tó ń sáré kọjá, ta ni yóò rí i? Ó yẹ kó dúró, kó dárúkọ líǹkì náà, kó béèrè. Títí dìgbà yẹn, kí a tó nu díìsìkì àtijọ́, ẹ jẹ́ ká pàṣẹ find . -type l, ká ka gbogbo líǹkì tó bá tò fún wa, ká sì rí i pé ọjà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ṣì wà ní ìdúró.