Ọtí Kíkan àti Ẹnu Ilé-Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, ẹ má dìde. Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni.

Gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì ni ó mọ ọtí kíkan. Òun náà ni àwọn alásè ń pè ní fínígà. Ta ni ì bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gba obìnrin lọ́wọ́ jẹjẹrẹ?

Jẹjẹrẹ tí mo ń wí ni èyí tí í mú obìnrin ní ẹnu ilé-ọmọ. Kòkòrò àìfojúrí kan tí a ń pè ní HPV ni ó ń fà á. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfiṣe, kò sì fi hàn pé obìnrin náà ń rìn ìrìnkurìn, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti ṣe ìgbéyàwó ni ó ti ní kòkòrò yìí rí láìmọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ a lé e lọ. Ara tí kò bá lé e lọ ni ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò ní dun obìnrin náà rárá. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lọ́nà àìtọ́ ni yóò tó sáré, ilẹ̀ sì sábà máa ń ti ṣú.

Ọ̀nà tí àwọn ilẹ̀ olówó ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí wọ́n ha ibẹ̀ díẹ̀, kí onímọ̀ sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ohun tí wọ́n ha wò. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, èsì rẹ̀ kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tí ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ wá lónìí, tí a ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ̀yin náà ẹ wí, ṣé yóò wá?

Ní ọdún 1998, àwọn dókítà ilé-ìwòsàn Tata Memorial ní ìlú Mumbai, ní ilẹ̀ Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ sí dán ọ̀nà mìíràn wò ní àdúgbò àwọn tálákà. Wọn a fi òwú bọ omi kíkan tí a ti pò níwọ̀n, wọn a fi kan ẹnu ilé-ọmọ, wọn a sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ó bá ti ń bàjẹ́ yóò funfun. Àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe dókítà, wọn kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Obìnrin tí ó ka ìwé díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n, tí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́. Nǹkan bí obìnrin 150,000 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n yẹ apá kan wò ní ọdún méjìméjì, wọ́n sì la apá kejì lọ́yẹ̀ lásán. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2013, ikú tí jẹjẹrẹ yìí ń fà fi 31 dín nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí a yẹ̀ wò. Àwọn kan bínú pé a kò yẹ apá kejì náà wò. N kò lè dá wọn lẹ́bi.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbé fínígà ìdáná lọ síbẹ̀ o! Omi náà kì í ṣe oògùn. Ó kàn ń fi ibi tí ó bàjẹ́ hàn ni. Òtútù líle tàbí ooru ni wọ́n fi ń pa ibẹ̀ run, ó sì ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn gan-an ni èrè ọ̀nà yìí.

Ojú ènìyàn a sì máa ṣìnà. Nítorí náà, ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀ níbi tí agbára bá ká a. Obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tí a ó yẹ̀ wò, láìsí pé ẹnikẹ́ni rí ìhòòhò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, a bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Àwọn ìyá wọn ni ó kù tí a ní láti yẹ̀ wò, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ sókè. Bí ẹ bá dé ilé-ìwòsàn, kí ẹ tó gorí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: bí ó bá funfun, ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ ó tọ́jú rẹ̀, àbí ibòmíràn ni ẹ ó rán mi lọ?