Idì Aládé, Ọba Ẹyẹ Inú Igbó Kìjikìji

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ẹyẹ ńlá kan tí iye rẹ̀ ń dín kù bí igbó ti ń dín kù. Idì aládé ni. Ìyẹ́ orí rẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ yìí, nítorí pé ó máa ń nàró bí adé. Inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń gbé, láti ìhà Gáńbíà títí dé Etiópíà àti Gúúsù Áfíríkà, ó sì wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Abo rẹ̀ tóbi ju akọ lọ. Bí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6. Síbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kì í tó kílò 5. Ẹni tí ó bá ti gbé àkùkọ ńlá dání rí yóò mọ̀ pé èyí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí a máa pa ọ̀bọ, òfàfà àti ẹtu, a sì máa pa ẹran tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ tí ó nípọn àti èékánná gígùn. Apá rẹ̀ kò gùn púpọ̀, ìrù rẹ̀ sì gùn, kí ó lè máa yà síhìn-ín sọ́hùn-ún láàrin igi. Kì í sábà lé ẹran kiri. Orí ẹ̀ka ni ó máa ń jókòó sí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí ẹran yóò fi kọjá, kí ó tó já lù ú. Bí ẹran náà bá wúwo jù, yóò fà á ya, yóò sì kó o sókè díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọ̀bọ mọ ọ̀tá wọn yìí dáadáa. Ní 2006, Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní igbó Gashaka-Gumti, ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, jáde. Wọ́n rí i pé igbe tí akọ ọ̀bọ onímú funfun ń ké nítorí idì yàtọ̀ sí èyí tí ó sábà ń ké nítorí ẹkùn. Bí ó bá so igbe méjèèjì pọ̀, agbo rẹ̀ a ṣí kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ọmọ bíbí. Orí igi gíga ni tọkọtaya idì ń kọ́ ìtẹ́ sí, wọn a sì máa tún ìtẹ́ kan náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin kan tàbí méjì ni abo ń yé, yóò sì sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 50. Bí méjèèjì bá pa, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde yóò pa àbúrò rẹ̀. Akọ ni ó ń wá oúnjẹ fún ìyá àti ọmọ. Ọmọ yóò lò tó oṣù 3 sí 4 kí ó tó fò, lẹ́yìn náà àwọn òbí rẹ̀ yóò tún bọ́ ọ fún bí oṣù 9 sí 11. Nítorí náà, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń tọ́ ní ọdún 2. Ní ọdún 10, kò ju ọmọ 5 lọ.

Ẹ wá rò ó wò. Bí ọdẹ bá yin òbí kan níbọn, ọmọ inú ìtẹ́ lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá gé igi ìtẹ́ lulẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti bàjẹ́. Bí a bá sì pa ọ̀bọ àti ẹtu tán, ebi ni yóò lé idì wá sí ẹ̀gbẹ́ abúlé, níbi tí ó ti lè gbé ọmọ ewúrẹ́. Àwọn ènìyàn a bínú, wọn a sì pa á, bẹ́ẹ̀ ni ìgé igbó gan-an ló lé e wá.

Ohun tí ó yẹ kò le. Kí àgbẹ̀ dá igi gíga tí ìtẹ́ idì wà lórí rẹ̀ sí. Kí ọdẹ má ṣe yin ín níbọn. Kí olówó ewúrẹ́ máa kó àwọn ọmọ ewúrẹ́ sínú ọgbà. Ẹyẹ tí ń tọ́ ọmọ kan ní ọdún 2 kò lè tètè dí àlàfo èyí tí a bá pa lónìí.