Iṣan Ara àti Àrùn Àtọ̀gbẹ



Bí ẹni tí ń lọ sí oko ọ̀pẹ bá ṣàdédé rí ejò lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ yóò já, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì gba agbára lójijì. Níbo ni agbára náà ti wá? Ọpọlọ ni ó gba ọ̀nà iṣan ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ àti sí ọ̀rá ara pé kí wọ́n tú ṣúgà àti ọ̀rá tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Noradrenaline ni orúkọ ìránṣẹ́ tí iṣan ń lò.

Ìránṣẹ́ mìíràn wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ lòdì sí èyí. Insulin ni, tí Banting àti Best ṣe àwárí rẹ̀ ní Toronto ní ọdún 1921. Òun ni ó ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó dẹ́kun títú ṣúgà. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sanra jù, insulin ń pàṣẹ, ara kò gbọ́ mọ́. Níbẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti ń wọlé. Àrùn náà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa: ní 1971, Oníṣègùn B. O. Osuntokun ti Ìbàdàn (ìmọ̀ iṣan gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀) àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn lórí alátọ̀gbẹ 832.

Kí ni ó dí ara létí? Ọ̀rá nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 2024, Christoph Buettner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí wọ́n rí lára èkúté. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí èkúté ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá ní àjẹjù, iṣan wọn bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ẹni pé ejò wà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ejò kankan. Wọ́n sì lo èkúté mìíràn tí iṣan ara wọn, yàtọ̀ sí ọpọlọ, kò lè pèsè ìránṣẹ́ ejò yìí dáadáa. Àwọn wọ̀nyí jẹun bí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sanra bákan náà, síbẹ̀ ara wọn ń gbọ́ràn sí insulin. Lóòótọ́, èkúté kì í ṣe ènìyàn, àjẹjù kò sì tíì di ohun rere.

Èyí tí ó burú jù ni pé ṣúgà náà ń padà ba iṣan jẹ́. Ẹ̀gún ọ̀pẹ lè gún ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lóko kí ó má mọ̀, títí egbò yóò fi rà. Nítorí náà, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa, kí ó pe ọmọ kan bá a wò ó. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tí ìtọ̀ ń jí lóru léraléra, ìbáà sanra, ìbáà tínrín, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa.