Tim Howard: Aṣọ́lé tí Ara Rẹ̀ Kì í Sinmi

Nínú àwọn mọ́kànlá tí ń wọ pápá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, ẹnì kan ṣoṣo ni òfin gbà fún láti fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù. Ẹni náà ni aṣọ́lé. Bí atamátàsé bá gbá bọ́ọ̀lù fo òkè òpó, àwọn òǹwòran yóò kùn díẹ̀, wọn yóò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá yọ́ bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé, odidi ìlú ni yóò fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu láti ìgbà èwe, síbẹ̀ tí ó fi ọdún 13 ṣe iṣẹ́ aṣọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìdíje ti le púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Tim Howard, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ kan àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé irú ọmọ tí ó jẹ́ nígbà èwe a máa wà nínú kíláàsì, ojú tí olùkọ́ bá sì fi wò ó lè tún ọjọ́ iwájú rẹ̀ ṣe tàbí kí ó bà á jẹ́.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1979 ni a bí Howard ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Aláwọ̀ dúdú ni baba rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni ìyá rẹ̀. Àwọn òbí náà kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré, ọ̀dọ̀ ìyá ni ó sì dàgbà sí, nínú ilé tí owó kò pọ̀. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohun àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ a máa ṣẹ́ léraléra, èjìká rẹ̀ a máa fò sókè, ọrùn rẹ̀ a máa gbọ̀n, ọ̀fun rẹ̀ a sì máa dún láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn lẹ́sẹẹsẹ kí ọkàn rẹ̀ tó lè balẹ̀. Àwọn dókítà ni wọ́n wá sọ ohun tí ó ń ṣe é: àìsàn tí a ń pè ní Tourette.

Orúkọ oníṣègùn ilẹ̀ Faransé kan, Georges Gilles de la Tourette, ni a fi pe àìsàn náà, nítorí àpèjúwe tí ó ṣe nípa rẹ̀ ní 1885. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé, kì í sì í ràn. Ìgbà èwe ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mú ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Àwọn ènìyàn rò pé gbogbo ẹni tí ó ní in ni ó ń bú èébú láìmọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ni èyí ń ṣe. Ẹni tí ó ń ṣe lè fi agbára dá ìgbọ̀n àti ìró náà dúró fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti lè há èémí mọ́ inú. Ṣùgbọ́n èémí tí a há mọ́ inú kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ó di dandan kí ó jáde.

Ẹ fi ojú inú wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì dákẹ́, ọ̀fun tirẹ̀ dún. Olùkọ́ ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, èjìká tirẹ̀ fò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ kò bá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, yóò pè é ní aláìgbọràn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì nà sí pàṣán. Pàṣán kò sì lè wo ohun tí ó wà nínú ọpọlọ sàn. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè fi kún un ni ìtìjú.

Orí pápá ni Howard ti rí ibi tí ara rẹ̀ ti ń fún un ní àlàáfíà. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ọ̀nà jíjìn, ara rẹ̀ a máa ṣe bí ó bá ti fẹ́. Ṣùgbọ́n bí atamátàsé bá ti ń sáré bọ̀ níwájú ilé, iṣan ara rẹ̀ a gbọ́ràn, ìgbọ̀n náà a sì dá. Nítorí ìbẹ̀rù pé oògùn lè mú kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, ó yàn láti máa gbé pẹ̀lú àìsàn náà láìlo oògùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Tim Mulqueen, rí i nígbà tí ó jẹ́ ọmọ bí ọdún méjìlá. Ìyá rẹ̀ kò ní owó tí ó tó láti san fún ẹ̀kọ́ aṣọ́lé, ṣùgbọ́n Mulqueen kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dí ọmọ náà lọ́nà. Ní 1998, Howard bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ MetroStars. Ní 2001, òun ni a yàn ní aṣọ́lé tí ó dára jù lọ nínú líìgì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní oṣù keje ọdún 2003, Manchester United rà á. Kì í ṣe òun ni aṣọ́lé Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kasey Keller àti Brad Friedel ti ṣíwájú rẹ̀, wọ́n sì ti fi hàn pé ọmọ Amẹ́ríkà mọ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn kan gbé àìsàn rẹ̀ síwájú kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nípa bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ìlú Cardiff, United àti Arsenal ta ọ̀mì 1-1 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a fi ń ṣí ọdún bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó di pẹnárítì, Howard mú ti Giovanni van Bronckhorst, ó mú ti Robert Pires, United sì gba ife. Ní òpin sáà náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò yàn án sínú àwọn mọ́kànlá tí ó dára jù lọ nínú líìgì.

Ṣùgbọ́n kí sáà náà tó parí, ẹṣin ti dá ẹni tí ń gùn ún. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2004, Porto láti ilẹ̀ Pọtogí wá sí Old Trafford nínú ìdíje Champions League. Porto ti borí ní ilé wọn pẹ̀lú góòlù 2 sí 1, ṣùgbọ́n góòlù kan tí Paul Scholes gbá wọlé ti tó láti gbé United kọjá, nítorí góòlù tí wọ́n gbá ní ilé àlejò. Nígbà tí aago fẹ́ dé ìṣẹ́jú 90, Benni McCarthy gbá bọ́ọ̀lù láti ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ sí Porto. Howard fò sí i, ó tì í, ṣùgbọ́n kò tì í jìnnà. Costinha sáré dé, ó gbá a wọlé. United jáde nínú ìdíje. Porto ni ó sì gba ife náà ní ọdún yẹn. Howard ṣì gba àmì-ẹ̀yẹ ife FA ní oṣù karùn-ún, nígbà tí United borí Millwall 3-0, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀ ti dín kù. Ní 2005, United mú Edwin van der Sar wá, Howard sì di ẹni tí ń jókòó wo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní, bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tún ẹṣin gùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹṣin gùn. Ìhín ni kókó ìtàn yìí wà. Ìgboyà nìkan kò tó ẹni tí ó ṣubú. Ó yẹ kí ẹnì kan tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣe èyí fún Howard ni David Moyes, akọ́nimọ̀ọ́gbá Everton ní ìlú Liverpool. Everton kọ́kọ́ yá a lọ́wọ́ United ní 2006. Ní oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n rà á pátápátá. Ọdún mẹ́wàá ni ó lò níbẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 414. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́: Joseph Yobo dúró níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adènà, Yakubu Aiyegbeni sì wà níwájú pápá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2009, Everton pàdé Manchester United ní Wembley fún ẹ̀yìn-ò-kù ife FA. Kò sí góòlù títí àfikún àkókò fi parí. Howard dúró lójú ilé láti kojú ẹgbẹ́ tí ó ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú pẹnárítì Dimitar Berbatov, ó mú ti Rio Ferdinand, Everton sì borí 4-2. Chelsea ni ó gba ife náà lọ́wọ́ wọn ní ìparí, 2-1.

Ohun méjì mìíràn fi irú ènìyàn tí ó jẹ́ hàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2012, afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ ní Goodison Park. Howard gbá bọ́ọ̀lù jáde láti iwájú ilé tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó ta lórí ilẹ̀, ó fo aṣọ́lé Bolton lórí, ó sì wọ àwọ̀n. Díẹ̀ ni àwọn aṣọ́lé tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Howard kò jó, kò yọ̀. Àánú aṣọ́lé kejì, Adam Bogdan, ni ó ṣe é, nítorí ó mọ bí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ti rí lára. Bolton ni ó sì borí ní ọjọ́ náà, 2-1.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2014, nínú ìdíje Ife Àgbáyé, ní ìlú Salvador ní Bahia, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé àṣà wọn dé ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Belgium rọ̀jò bọ́ọ̀lù lé Amẹ́ríkà lórí. Howard mú, ó tì, ó fi ẹsẹ̀ dí, ó tó ìgbà 15 ó kéré tán. Títí di ọjọ́ náà, a kò tíì kọ irú iye bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún aṣọ́lé kankan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Ife Àgbáyé láti 1966. Nínú àfikún àkókò, Belgium borí 2-1. Ẹ kíyè sí i pé ní ọjọ́ góòlù àti ní ọjọ́ Salvador, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò borí. Bí èsì nìkan bá jẹ́ òṣùwọ̀n, òdo ni a ó kọ fún un ní ọjọ́ méjèèjì.

Ní 2016, ó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà sí Amẹ́ríkà. Kò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba, ó sì ń bá àwọn ọmọ tí ó ní irú rẹ̀ pàdé, kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe àwọn nìkan.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbi tí a ó ti ka ìtàn yìí sí. Kò fi hàn pé àìsàn jẹ́ ẹ̀bùn, kò sì fi hàn pé gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n ni yóò di olókìkí. Ọ̀pọ̀ wọn yóò di télọ̀, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́, wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ wọn dáradára. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn Howard: ìyá tí kò tijú rẹ̀, Mulqueen tí ó kọ́ ọ láìka owó sí, Moyes tí ó fún un ní iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ṣubú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro fún láti ṣe bí ti wọn. Kí olùkọ́ béèrè kí ó tó jẹni níyà. Kí ó ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ohun tí ó ń ṣe é. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà jáde síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ láti há ara rẹ̀ mọ́ra. Kí ó sì wá iṣẹ́ tí ọmọ náà lè fi gbogbo ọkàn ṣe, kí ó gbé e lé e lọ́wọ́, kí ó má sì gbà á padà nítorí àṣìṣe ọjọ́ kan. Bí ó pẹ́, bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n baba gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti dúró gbọ́.