Agbẹjọ́rò Àgbà Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Dé Ìsọ̀ Wa

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ lọ́yà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, torí iṣẹ́ tó ṣe l'Ékòó kàn wá gan-an.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni. Ó ti ń kọ́ni ní òfin ní Yunifásítì Èkó kí wọ́n tó fi ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1999. Ó wà níbẹ̀ títí di 2007. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó ṣe igbákejì Ààrẹ láti 2015 sí 2023, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di òṣèlú.

Àwọn lọ́yà máa ń ròyìn ẹjọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀ tí Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ pé Ààrẹ kò lágbára láti dá owó náà dúró. Ẹjọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan wà tó jù ú lọ.

Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ jẹ gbèsè, ó sá lọ, ọlọ́pàá dé ìsọ̀, wọ́n mú ìyá rẹ̀. Ìyá sùn sí tẹ́ṣàn, tòmátò rẹ̀ jẹrà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Èkó ṣe ní 2007 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kan ṣì ń ṣe é, mo mọ̀. Tí wọ́n bá dé, ẹ fi sùúrù bi wọ́n pé: “Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ni, àbí ọmọ mi?” Kí ẹnìkan sì sáré lọ pe lọ́yà.

Owó lọ́yà dà? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní OPD sílẹ̀ ní 2000. Lọ́yà ìjọba ni wọ́n, ẹni tí kò lówó ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbèsè àárín ara wa ńkọ́, tàbí ìjà onílé àti ayálégbé? Citizens' Mediation Centre ló wà fún ìyẹn, láti 1999. Ẹ ó lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n á kọ̀wé pe ẹnì kejì, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó síwájú onílàjà. Kì í ṣe adájọ́, kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ ó tọwọ́ bọ̀wé. Wọn kì í gbowó. Àwa kúkú ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyálọ́jà tipẹ́, ìjọba kàn fún un ní ọ́fíìsì ni. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú rìsíìtì àti ìwé owó ẹgbẹ́ dání o.