Bá Mi Ṣe É: Ẹni Tó Súnmọ́ Ni àti Ẹni Tó Ń Ṣojú Ẹni

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè, torí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò ní fi gírámà dà yín láàmú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni mo mú wá, òun ni "bá". Òun náà ni yóò sì gbé wa dé ìdí fọ́ọ̀mù tí akọ̀wé wa pín láàárọ̀ yìí.

Bí mo bá sọ fún yín pé, "Ẹ bá mi lọ sí Ọjà Títun," àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ẹ bá mi ra epo bọ̀ ní Ọjà Títun," ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ, èmi jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àbí? Bí àlejò bá sì dé tí mo wà nílé, a ó ní, "Ó bá mi nílé." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dé ibi tí mo wà. Ẹ wá wò ó: lójú Yorùbá, ẹni tó ń ṣe nǹkan ní ipò mi dà bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rìn, àmọ́ èdè wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a jọ rìn ni.

"Fún" yàtọ̀ síyẹn. "Fún" ń sọ ẹni tí nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́. Bí mo bá ní, "Ó bá mi ra epo fún ìyá mi," èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó rújú: ẹni tó lọ, èmi tí mo ní iṣẹ́, àti ìyá mi tó gba epo. Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí i pé "for" méjì ni ẹ ó lò, ẹni tó ń gbọ́ yín á sì máa béèrè èwo ni èwo.

"Bá" náà ní tirẹ̀ o. "Bá mi jà" lè jẹ́ àdúrà: kí Ọlọ́run bá mi jà, kó gbèjà mi. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀sùn: aládùúgbò mi ló bá mi jà. Ẹni tó súnmọ́ni ló lè gbèjà ẹni, òun náà ló sì lè kojú ìjà sí ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ wo àwọn orúkọ tí a fún ẹni tó ń dúró ní ipò ẹlòmíràn. Aṣojú, agbẹnusọ, onígbọ̀wọ́. Ojú, ẹnu, ọwọ́. Ara lẹni náà fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Agbẹjọ́rò ni ẹni tó gba ẹjọ́ wa rò, bí ẹni gba ẹrù lórí wa. Adelé àti àrólé ní tiwọn, ilé ni wọ́n ń mú dúró. Àwọn Faransé náà ní irú rẹ̀: "lieutenant" tí àwọn ṣọ́jà ń jẹ́ yẹn, ẹni tó di ipò mú ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní Ifẹ̀ níbí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Bí ẹmẹ̀sẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà, Ọọ̀ni ló rán an, bí a bá sì ṣe gbà á ni a ṣe gba Ọọ̀ni. Ní ọdún 1960 ọ̀rọ̀ náà wá yí bìrí. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jọba láti 1930 títí di 1980, di gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì wà níbẹ̀ di 1962. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ irú gómìnà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ipò ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì dúró sí. Ọba tí àwọn èèyàn ń ṣojú fún wá di aṣojú ọba mìíràn. Ìyẹn kò dín adé rẹ̀ kù. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Kì í ṣe àwa nìkan la so ìtòsí àti ìṣojú pọ̀. "Behalf" àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láti inú "ní ẹ̀gbẹ́" ló ti wá. "Advocate" wọn, láti inú Látìnì, ẹni tí a pè wá sí ọ̀dọ̀ ẹni ni. Àwọn Gíríìkì ní "parakletos", ẹni tí a pè sí ẹ̀gbẹ́ ẹni. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan yìí di méjì: Olùtùnú nínú Ìhìnrere Jòhánù, alágbàwí nínú Ìwé Kìíní rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì ọ́ nígbà tí o ń sunkún, àti ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ nítorí rẹ, ẹnìkan náà ni.

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ẹ mọ "walí", bàbá tàbí ìbátan tó ń dúró fún ìyàwó níbi yìgì. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn, ìsúnmọ́ ni. Inú rẹ̀ náà ni "wòlíì" tí àwa Kìrìsìtẹ́nì ń pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún Ọlọ́run ti wá. Ẹ̀yin ń pe tiyín ní Ànábì, àwa wá lọ mú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí ẹni tó súnmọ́ Ọlọ́run!

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó nísàlẹ̀: "next of kin". Ẹni tó súnmọ́ni jù nínú ẹbí ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé ẹni tí a bá kọ síbẹ̀ ni yóò kó ohun ìní wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Orúkọ tí a kọ síbẹ̀ nìkan kò sọ ènìyàn di ajogún. Bí ènìyàn bá kú láìṣe ìwé ìpíngún, èyí tí a ń pè ní wíìlì, òfin tàbí àṣà tó de ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń pín in. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, wọ́n fìdí ìdí-igi múlẹ̀ pé òun ni àṣà Yorùbá, pé ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ni à ń wò. Nítorí náà, bí o bá kọ àbúrò rẹ sínú fọ́ọ̀mù báǹkì, má rò pé o ti pín ogún. Mélòó nínú àwọn ẹbí ni kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ìlà kan ṣoṣo yìí? Bákan náà, ìwé àṣẹ tí o fi ní kí ẹnìkan máa ṣojú rẹ lórí ilé tàbí ilẹ̀, ọjọ́ tí o bá kú ni agbára rẹ̀ parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe wíìlì nígbà tí ara ṣì le.

Ìtòsí nìkan kò tó, ẹ̀jẹ̀ nìkan kò sì tó. Àwa tí a gbé ìlú yìí láti 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́, a mọ̀ ọ́n. Ilé fara kan ilé, ọjà kan náà ni a jọ ń ná, "bá mi jà" ti ẹ̀sùn ló sì borí ti àdúrà. Ọmọ ìhà méjèèjì wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, wọ́n jókòó pọ̀ bí a ti jókòó ní kíláàsì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn olùkọ́ wa ti dàgbà. Àwọn mìíràn, ọmọ wọn gbogbo wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ṣeun. Àmọ́ "fún" nìyẹn. Ta ni yóò bá bàbá lọ sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó wá fojú hàn? Ta ni yóò bá màmá tò lórí ìlà ní ilé ìwòsàn? Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tó ń gbé nítòsí, tí yóò máa wo olùkọ́ kan lóṣooṣù. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun gbé owó ọkọ̀ àti ti fóònù. Kí akọ̀wé fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù wa nísàlẹ̀ "next of kin": ẹni tí yóò bá mi ṣe é.

Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́, a ò ní fi òkú ọ̀fọ̀ ṣe ìpàdé tó ń bọ̀, Ọlọ́run yóò sì bá wa gbé e.